Ẹsẹ̀ Tó Ti Táyà Mi

Ọ̀sán ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kì í ṣe òru. N kò mutí, n kò sùn, ibà kò sì ṣe mí. Mo tètè sọ ọ́ nítorí mo mọ àwọn èèyàn wa: bí ẹnìkan bá ti ní òun rí nǹkan, wọ́n á ní àlá ló lá. Ẹ gbà mí gbọ́, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ìlú Ìrókò ni mò ń gbé, nínú ilé tí màámi fi sílẹ̀. Nígbà òjò èṣí ni wọ́n kú. Wọ́n jẹun alẹ́, wọ́n ní ó dàárọ̀, àárọ̀ dé, wọn kò jí. Kò sí àìsàn, a kò sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kankan. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ohun tí mò ń fẹ́ láyé, mo máa ń ní kí n ṣáà tún fojú kan màámi lẹ́ẹ̀kan, ká kí ara wa dáadáa. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí o.

Mọ́tò mi ti gbó. Gàárì ni mo fi ń kó lọ sí Mòníyà, hánbíréèkì rẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Níbikíbi tí mo bá páàkì, òkúta ni mo fi ń dí táyà. Mẹkáníìkì mi ní òun ń bọ̀, òun ń bọ̀, títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi sú mi. Mo ra wáyà hánbíréèkì tuntun, mo wo fídíò lórí fóònù, mo ní èmi náà ṣáà lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ìyàwó mi ti lọ sọ́jà, mo páàkì síwájú ilé. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọra dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ìdí igi ọsàn. Mo wá òkúta mi, n kò rí i. Ni mo bá wọ ilé ìdáná àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé, mo gbé ọmọ ọlọ màámi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ọlọ náà, ẹ̀rọ la fi ń lọ ata tiwa. Mo fi ọmọ ọlọ dí táyà ẹ̀yìn, mo yọ mọ́tò kúrò nínú jíà, mo wọ abẹ́ rẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀tì méjì ló di wáyà àtijọ́ náà mú. Ìkíní gbọ́ràn. Ìkejì ti dípẹtà, ó lẹ̀ mọ́ irin bí ìgbà tí wọ́n bí wọn pọ̀. Mo da kẹrosíìnì sí i, mo fi òòlù gbá a, mo fi sípánà yí i títí ọwọ́ mi fi bó. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn kan, jẹ́jẹ́, bíi ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

"O kú iṣẹ́ o."

Mo yíjú. Ẹsẹ̀ méjì ni mo rí, láìsí bàtà, àti etí ìró aláró. Ẹni náà dúró sẹ́yìn táyà gan-an, ó fi ẹsẹ̀ tì í. Mo rò pé Ìyá Ráfíù ni, ìyá arúgbó tí ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, tí wọ́n máa ń yà kí wa lọ́sàn-án.

"Ẹ ṣé, mà," ni mo dáhùn. "Ẹ má bínú, mo ti nà gbalaja sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ bá mi kà á kún ìdọ̀bálẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi lẹ́nu, mo sì rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

"Jáde wá, kí n rí ọ." Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n sọ ọ́.

"Mò ń bọ̀, mà. Nọ́ọ̀tì yìí ti fẹ́ẹ́ tú."

Irọ́ ni, kò tíì mira rárá. Mo tún da kẹrosíìnì sí i. Atẹ́gùn tútù kan wọ abẹ́ mọ́tò, mo sì gbọ́ òórùn ata tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fi oríkì mi pè mí. Wọ́n ní, "Jáde. Ó ti ń rẹ̀ mí."

Orí mi wú. Ẹ gbà mí gbọ́, ó wú. Ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni mo ti ń gbọ́ oríkì yẹn láyé mi. Àmọ́ ìgbà yẹn gan-an ni nọ́ọ̀tì mira díẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ẹni tó ti ń bá nọ́ọ̀tì jà tipẹ́, tó wá mira, ṣé ó máa fi í sílẹ̀ ni?

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan."

Mo rí àwọn ìka ẹsẹ̀ náà. Èyí tó kéré jù ní ẹsẹ̀ òsì gun èkejì rẹ̀ lórí. Gbogbo wọn ń gbọ̀n, bíi ti ẹni tó ń ti ẹrù wúwo. Mo rí i o, n kò kàn wò ó ni.

Nọ́ọ̀tì tú. Mo hó fún ayọ̀, mo wọ́ jáde, mo ti ń múra àtidọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ. Kò sí ẹnikẹ́ni. Iwájú ilé wà gbayawu, kò sí ẹni tó ń lọ lọ́nà, arúgbó kan ò sì lè yára tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó ń lọ sẹ́yìn, bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀. Táyà iwájú gba ibi tí mo nà sí kọjá, mọ́tò sì lọ gbá igi ọsàn.

Mo wá ọmọ ọlọ níbi tí mo fi í sí, kò sí níbẹ̀. Inú ilé ìdáná ni mo ti bá a, lórí ìyá ọlọ, níbi tó máa ń wà. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, omi ṣì wà lára rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo tó rántí ìka ẹsẹ̀ yẹn. Màámi ló ní in. Èmi ni mo máa ń bá wọn gé èékánná rẹ̀.

Mo sáré lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ráfíù. Orí ẹní ni mo bá wọn, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn kò jáde látàárọ̀. Mo ròyìn fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n tó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé o jáde kí wọn?"

"Rárá, mà."

"Háà."

Wọ́n nawọ́ mú tẹ̀súbáà wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Títí dòní, n kò mọ ẹni tó gbé ọmọ ọlọ yẹn. Bó bá jẹ́ màámi ló wá gba nǹkan wọn, kí ló dé tí wọ́n tún dúró ti mọ́tò? Bí kì í bá sì ṣe wọ́n, ta ni? Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé mo fi ìyá mi sórí ìdúró, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ti odidi mọ́tò nítorí mi, tí mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú kan.

Hánbíréèkì tuntun náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Síbẹ̀, lọ́sàn-án mìíràn, mo máa ń wọ abẹ́ mọ́tò láìsí ohun tó bà jẹ́, màá dùbúlẹ̀, màá máa retí "O kú iṣẹ́." Ewúrẹ́ nìkan ló ń kọjá.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá kí yín níbi iṣẹ́, ẹ sọ sípánà sílẹ̀. Ẹ jáde, kí ẹ wo ojú ẹni náà. Nọ́ọ̀tì kò ní ibi tó ń lọ.