Epo Lórí Aṣọ Àlà

Òórùn epo pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè kì í gba imú mi kọjá kí n má rántí ìgbà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara mi ba ìgbéyàwó mi jẹ́. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ọmọ mi rò pé ọgbọ́n ni. Kì í ṣe ọgbọ́n. Mo ti sọ̀rọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan rí, ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí ní wọ́n fún òun níṣẹ́ níléèwé lórí ohun tó ń fa nǹkan wálẹ̀ àti ohun tó ń mú ayé yí. Mo ní mo mọ̀ nípa méjèèjì. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná.

Abúlé wa ò jìnnà sí Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá gbéra ní kùtùkùtù á ti dé Kémta kí oòrùn tó mú. Àgbẹ̀ ni gbogbo wa, òòṣà la sì ń bọ. Géńdé ni mí nígbà náà, n ò mọ ìwé kankan, ṣùgbọ́n kò sọ́rọ̀ tí n kì í dá sí. Ẹnu ni mo fi ń roko jù. Mo ń fẹ́ ọmọbìnrin kan. Bàbá rẹ̀ jẹ́ olóòṣà, àgbàlagbà tó máa ń wọ aṣọ àlà lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá. Ó ku díẹ̀ kó gbà fún mi. Ìwà mi ló ṣì ń wò.

Tíṣà kan wà lábúlé wa nígbà yẹn. Ọmọ ìgboro ni, kò sì jẹ́ ká gbàgbé. Bí a bá kí i, á dáhùn bí ẹni ń lé eṣinṣin. Òun ló sọ fáwọn ọmọ pé ayé ń yí bí òkòtó, àwọn ọmọ sì gbé ọ̀rọ̀ náà wálé. Mo lọ bá a nídìí kànga lójú gbogbo èèyàn, mo bi í pé bí ayé bá ń yí, kí ló dé tí omi inú àmù mi ò dà? Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Tíṣà ò bá mi jiyàn. Ó fa omi, ó gbá ọwọ́ garawa mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fì í yípo. Garawa gòkè, ó gba orí ẹ̀ kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè. Ẹnu garawa dorí kodò lókè lọ́hùn-ún, ẹ̀kán omi kan ò já bọ́. Ó wá gbé e kalẹ̀, ó ní, "Bó o bá ń fì í, kò ráyè dà. Bó o bá dẹwọ́, ó dà. Ẹ̀yin ará oko, ẹ lọ dán an wò."

Àwọn èèyàn ní oògùn ni. Èmi gbé garawa tèmi. Mo gba odò lọ, mo sì dán an wò. Ìgbà àkọ́kọ́, kò dà. Ìgbà kejì, ìgbà kẹta, kò dà. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo dá omi.

Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo gbé garawa epo kékeré kan lọ fún bàbá ìyàwó mi, kí wọ́n máa fi se ọbẹ̀. Bàbá jókòó síwájú ilé nínú aṣọ àlà rẹ̀, funfun báláú. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé tíṣà fi oògùn de omi. Mo lè sọ pé n ò mọ̀. Mo ní, "Bàbá, kò sóògùn kankan níbẹ̀. Èmi náà ń ṣe é." Bàbá ní òun ti gbọ́. Ìyẹn tó fún ẹni tó lórí. Èmi ṣí ewé kúrò lẹ́nu garawa epo, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fì.

Ẹ̀ẹ̀kan kọjá. Ẹ̀ẹ̀kejì kọjá. Ọmọbìnrin náà yọjú lẹ́nu ọ̀nà, mo tún fi agbára kún un. Ìgbà tí garawa dé òkè orí mi lẹ́ẹ̀kẹta, ojú mi ṣe kòńgẹ́ aṣọ funfun yẹn, mo rò ó nínú mi pé bó bá wá dà ńkọ́? Èrò yẹn gba èjìká mi lọ sí apá. Apá mi dẹ̀. Epo ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì ní tiẹ̀. Díẹ̀ bọ́ sí mi lórí, ìyókù lọ bá bàbá, láti èjìká dé orúnkún.

Wọ́n ní aláṣọ àlà kì í jókòó sísọ̀ elépo. Wọn ò sọ ohun tí aláṣọ àlà á ṣe bí elépo bá wá bá a nílé.

Bàbá dìde. Ó wọlé, ó pààrọ̀ aṣọ, ó gbé àlà náà lé mi lọ́wọ́. "Aṣọ òòṣà nìyí. Ọjọ́ tó bá funfun, ìgbà yẹn ni kó o wá bèèrè ọmọ mi."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Ọkọ Elépo. Àwọn ọmọdé fi ń ṣeré òṣùpá. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ aṣọ náà, mo fi eérú fọ̀ ọ́, mo fi òkúta gún un. Ó kúrò ní pupa, ó di pupa rúsúrúsú. Mo lọ bá Alhájà kan tó ń ta ọṣẹ ní Kémta. Ó yẹ aṣọ náà wò, ó ní, "Ọmọ mi, epo rèé. Ọlọ́run nìkan ló lè bá ọ fọ èyí." Lẹ́yìn náà ló ta ọṣẹ mẹ́ta fún mi.

Ẹ̀yìn abúlé wa, àpáta ńlá kan wà níbẹ̀ tí odò gba ìdí ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń fọṣọ lọ́jọ́ kan tí ọmọbìnrin náà ń ti oko igi bọ̀. Kò yẹ kó bá mi sọ̀rọ̀. Ó dúró, ó wojú ọ̀run bí ẹni pé ọ̀run ló ń bá wí. "Ẹ máa fọ̀ ọ́ títí á fi di àwọ̀n. Ẹ fi omi rẹ ẹ́, kẹ́ ẹ sá a sórí àpáta, kẹ́ ẹ jókòó. Àfi tí jíjókòó ò bá ní rọrùn fún yín." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo sá a. Mo jókòó tì í nítorí ewúrẹ́. Òótọ́ ni, kò rọrùn. Igi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta náà, bí oòrùn bá ti ń yẹ̀, òjìji igi á wọ́ wá bo aṣọ, èmi á fa aṣọ síwájú, òjìji á tún dé. Mo ń bú oòrùn pé kó dúró lójú kan. Tíṣà ń kọjá lọ, ó gbọ́. Ó ní, "Oòrùn ò kúrò níbi tó wà. Àpáta tó o jókòó lé ló ń gbé ìwọ àti aṣọ rẹ lọ." Mo ní kó máa lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ABD, kó fi mí sílẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo wo ọwọ́ òsì mi. Mo ti fi di àpáta mú gírígírí.

Oṣù kan kú, òmíràn lé. Pupa yẹn ń sá díẹ̀díẹ̀, bí àlejò tí ò fẹ́ dágbére. Lọ́jọ́ kan mo wò ó, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo gbé àlà lọ fún bàbá. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó wá di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Ọwọ́ yìí le. Ẹni tó lè fọ epo kúrò lára àlà, ìyà ò ní jẹ ọmọ mi lọ́dọ̀ rẹ̀." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ẹnu mi tí kì í dákẹ́, ó dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ tí oòrùn ṣe ni wọ́n fi fún mi níyàwó.

Ìyàwó mi mọ̀. Nígbà tí a kó lọ sí Ìgbẹ́in nínú Abẹ́òkúta, tí mo bá ń sọ fáwọn ọmọ bí bàbá wọn àgbà ṣe yin ọwọ́ mi, á kàn wo ìta, á ní, "Oòrùn mà ti yọ o." Èmi á gbẹ́nu dákẹ́. Bí mo ṣe di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nìyẹn, tí àwọn ará àdúgbò wá ń gbé ẹjọ́ wá bá mi pé àgbà ọlọ́gbọ́n ni mí. Òjò méjì ti rọ̀ lórí ilẹ̀ tí a sin ìyàwó mi sí. Kò sí ẹni tó ń pa mí lẹ́nu mọ́ mọ́, ni mo fi ń sọ ọ́.

Ọmọ yìí ní ìtànṣán oòrùn, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, èèyàn á ti jẹ àwo ẹ̀bà kan tán. Mo ní ó sì ti ọ̀nà jíjìn yẹn wá bá òmùgọ̀ kan fọṣọ lórí àpáta, òmùgọ̀ náà sì gba oríyìn.

Láàárọ̀ yìí, ó gbé àga mi sínú oòrùn nítorí orúnkún mi. A ò tíì kọ ọ̀rọ̀ yìí dé ìdajì tí òjìji ògiri ti dé ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Bàbá àgbà, oòrùn ti ń lọ, ẹ jẹ́ n sún yín síwájú."

Mo ní kó fi mí sílẹ̀ ná. Oòrùn ò lọ síbì kankan. Èmi ni mò ń lọ.