Òkúta Ilé Tí A Kó Wá sí Bàríga

Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, kẹ̀kẹ́ ni mo ń tún ṣe ní Ṣómólú, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ oko ni ọkàn mi wà. Gbogbo ìwé aláwòrán tí àwọn tó ń ta katakata ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní Èkó ni mo ń kó jọ. Mo máa ń kà á títí màá fi mọ ibi tí bóòtù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi de ẹ̀rọ ń wọ̀.

Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa fi ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ wo ẹ̀rọ ìtulẹ̀. Òkè Ògùn ni ìlú wa wà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì kún fún òkúta. Ẹgbẹ́ ti ra katakata àlòkù kan, abẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló wà, kò tíì ní ohun tí yóò máa fà. Bàbá mi kékeré, àbúrò bàbá tó bí mi, ni alága. Ó ti ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n ṣán igbó kan lẹ́sẹ̀ òkè, pé ẹ̀rọ á dé kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Wọ́n ti ṣán an, wọ́n ti dáná sun ún. Bí ẹ̀rọ ò bá dé, tàbí tó dé tó bàjẹ́, koríko ló máa gba ilẹ̀ náà padà, kò sì sí ẹni tó máa gba ọ̀rọ̀ Bàbá gbọ́ mọ́ nílé.

Ọmọ ìlú wa ni ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ. Ọgbà rẹ̀ wà ní Bàríga, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí àwọn obìnrin Ìlàjẹ ti ń yan ẹja. A wa katakata wa lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rọ náà dára lójú: ọ̀pá irin gígùn kan, tí abẹ tí orí wọn tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ yí ká. Katakata ló máa ń yí i, àwọn abẹ náà á sì máa gé ilẹ̀ bí ẹni ń gé ilá.

“Ilẹ̀ olókúta ló ti ṣiṣẹ́ látọjọ́ yìí,” ni ọkùnrin náà wí. “Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rù.”

Mo fi èékánná họ ọ̀dà ara rẹ̀, ó bó. Ọ̀dà tuntun. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tọ ẹnu àwọn abẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ti jẹ tín-ín-rín, tí wọ́n ń dán bí ṣíbí, kò sì sí èyí tí ẹnu rẹ̀ kán níbì kankan. Bẹ́ẹ̀, irin tó bá ti ń pàdé òkúta, ẹnu rẹ̀ kì í dán, ṣe ló máa ń kán wẹ́wẹ́. Mo wò ó dé ibi tí agbára katakata ti ń wọlé. Nínú ìwé mi, bóòtù onírin rírọ̀ kan ló máa ń wà níbẹ̀, tí wọ́n dìídì ṣe kó lè tètè kán bí abẹ bá há sára òkúta, kí eyín irin inú àpótí ẹ̀rọ má baà fọ́. Èyí tó wà níbẹ̀ dúdú, ó sì le bí irin ọkọ̀ akẹ́rù.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, bóòtù tó yẹ kó máa kán dà?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ alátùn-ún-ṣe kẹ̀kẹ́ yín! Mo yọ jákujàku, mo fi èyí tí ò lè kán láéláé sí i, ó ní èyí tó ń kán dà!”

“Ẹ má dá a lóhùn jàre,” ni àgbà ẹgbẹ́ kan wí, “páńkíṣà ló fẹ́ lẹ̀.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà so ẹ̀rọ mọ́ katakata wa, ó wà á lọ wà á bọ̀ nínú ọgbà. Iyanrìn tú yẹ́búyẹ́bú. Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́.

Mo fa Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Bàbá, ara mi ò gba ẹ̀rọ yìí.”

“Ta lara rẹ gbà rí? Ọmọ ìlú wa ni. Lánàá lo ní omi ni ẹni tó ń ta kẹrosíìnì fún wa ń lú mọ́ ọn.”

“Ó kúkú ń lú u mọ́ ọn, Bàbá.”

Mo kúnlẹ̀, mo ti ọwọ́ lásán bọ inú ilẹ̀ Bàríga títí dé ìgbọ̀nwọ́. Bàbá wo ọwọ́ mi, ó wo ẹ̀rọ, ó wo ojú ọmọ ìlú wa. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Bàbá.

“Kí wá ni ká ṣe?”

“Ká kó ilẹ̀ ilé wá.”

Bàbá bẹ awakọ̀ tó ń kó èlùbọ́ láti ìlú wa wá sí Èkó. Nígbà tó padà dé, ó já àpò ilẹ̀ àti òkúta sílẹ̀ fún wa, láti ibi tí wọ́n ti ṣán gan-an. Bí a ṣe ń rù ú wọ ọgbà ni àwọn obìnrin Ìlàjẹ ń wò wá.

“Ẹ̀yin ará òkè, òkúta lẹ tún ń jẹ báyìí?”

“Ẹ̀wà wọn nìyẹn,” ni èkejì wí. “Wọn ò tíì ṣà á ni!”

A gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, a da ilẹ̀ náà sí i, a bomi rin ín, a sì gún un mọ́lẹ̀ títí ó fi le. Ọmọ ìlú wa tó ń ta ẹ̀rọ dúró lókèèrè. Nígbà tí Bàbá ní kó gun katakata, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun.

“Ìwọ gùn ún,” ni Bàbá sọ fún mi.

Mo rọra wà á wọ inú kòtò. Ẹ̀rọ náà ta sókè, òkúta kan fò lu páànù ẹ̀yìn mi, lẹ́yìn náà ni abẹ há mọ́ òkúta gádígádí. Nǹkan kan dún gbàà nínú àpótí ẹ̀rọ. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, bóòtù dúdú náà wà pérépéré. Àpótí ló là, tí ọ́ìlì ń kán sórí òkúta wa.

“Òótọ́ ibẹ̀ dà?” ni Bàbá bi í.

“Oko ẹ̀fọ́ etí ọ̀sà ló ti ṣiṣẹ́,” ni ọkùnrin náà wí wúyẹ́wúyẹ́. “Mo rò pé ilẹ̀ kan náà ni.”

Nínú pàǹtí irin tó wà lẹ́yìn ọgbà náà ni mo ti rí ìkejì: ẹ̀rọ ìtulẹ̀ aláwo, tí awo irin ńláńlá mẹ́ta kàn ń yí fúnra wọn bí katakata bá ti ń fà á. Ó ti dípẹtà, kò sẹ́ni tó kùn ún lọ́dà. Bàbá ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi àtàǹpàkò tọ etí awo náà yí po, ó rí i pé ó ti bù jẹ níhìn-ín lọ́hùn-ún.

“Eléyìí ti rí òkúta rí,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ẹ wà á wọ kòtò ná.”

Ẹ̀rọ náà gun orí òkúta, ó sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, ó tún wọlẹ̀. Bàbá ní kí n tún un wà. Mo tún un wà títí awo fi ti òkúta náà sí etí kòtò. Òun la rà, òun àti katakata ló sì bá ọkọ̀ lọ sílé.

Òjò ti rọ̀ nígbà tí awakọ̀ tún padà dé Ṣómólú. Ó ní wọ́n ti tú gbogbo ẹsẹ̀ òkè, àgbàdo ti hù. Ó já àpò kékeré kan sílẹ̀ pé ará ilé ní kí òun fi ilẹ̀ títú náà han Bàbá. Bàbá tú u sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Òkúta kan wà nínú rẹ̀ tí irin ti họ, ojú ibi tó ti họ funfun. Ó gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé ọ̀kan tó ṣẹ́kù nínú òkúta ilé tí a fi dán ẹ̀rọ wò ní Bàríga tì í, ó wò wọ́n títí.

“Awakọ̀,” ni ó wí, “ṣé ó dá ọ lójú pé oko wa lo ti bù ú?”