Ẹ́ńjìnnì Ẹ̀yìn

Dírẹ́bà rélùwéè ni bàbá mi títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bí ẹrù bá pọ̀, wọn a so ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì méjì pọ̀, wọn a fi wáyà gbọọrọ kan tó ń gbé àṣẹ láti iwájú dé ẹ̀yìn so wọ́n. Dírẹ́bà kan ṣoṣo níwájú ló ń darí méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kan ti ẹ̀yìn, wọn a yọ irin ìdarí rẹ̀, dírẹ́bà a fi sápò. Èyí tí Bàbá yọ gbẹ̀yìn, wọn ò dá a padà. Ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa ní Bódìjà ló wà.

"Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn kì í dá rìn." Ohun tí Bàbá máa ń sọ fún Màámi nìyẹn, lórí ọbẹ̀, lórí aṣọ, lórí gbogbo nǹkan. Nígbà tí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Màámi, ń ṣàìsàn ní Iléṣà, Màámi kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé àwọn fẹ́ lọ wò wọ́n. Bàbá na irin náà sókè, wọ́n ní ó di ìgbà tí àwọn bá ráyè. Kí Bàbá tó ráyè, wọ́n ti sin Ìyá Àgbà. "O kú àṣẹ̀yìndè," ni Bàbá wí, wọ́n sì ní kí Màámi gbé oúnjẹ wá. Háà! Ìkà lèèyàn!

Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ dá Bàbá jókòó. Apá ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ lẹ́nu wọn. A wá gbọ́ pé àwọn tó ń ra àlòkù irin fẹ́ gé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí Bàbá máa ń darí, ní Dùgbẹ̀. Bàbá bú sẹ́kún.

"Ẹ gbé mi lọ. Kí n ṣáà fọwọ́ kàn án."

Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Màámi gbà á lọ́wọ́ mi. "Ó di ìgbà tí mo bá ráyè."

Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Màámi, ẹ ṣàánú wọn nítorí Ọlọ́run!"

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta ló ṣàánú ìyá mi?"

Àṣé ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gé e, Màámi múra, wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ sí Dùgbẹ̀. Bàbá rò pé àwọn náà ń lọ, wọ́n ti ní kí n wọ bàtà sí àwọn lẹ́sẹ̀. Màámi ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àwa méjì la dúró wo iná àwọn tó ń gé irin títí ó fi tán.

A padà délé, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ Bàbá. Màámi mú irin ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, wọ́n fi í sí wọn lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, Bàbá."

Irin náà bọ́ sílẹ̀. Màámi dìde, wọ́n lọ gbé oúnjẹ wá.