Ọ̀rọ̀ Ìyá Oníke Wà ní Nọ́ńbà Keje

Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá àdúgbò wa ní Benin nítorí pé mo ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, mo sì ní kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ní sùúrù. Ká ní wọ́n bi mí ni, ǹ bá sọ òótọ́ fún wọn.

Ọjọ́ Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù la máa ń pàdé, ní kíláàsì kan nílé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn Siluko Road. Àwọn àgbà á jókòó sórí àga ọmọdé, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àwọn ọmọ wa á máa ṣeré níta, wọ́n á máa fi píjìn pe ara wọn. Torí kí èdè wa má bàa parẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ yìí gan-an la ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Mo béèrè ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Alága ní bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bí mo bá ti ka àkọsílẹ̀ oṣù tó kọjá tán, bàbá kan á na bírò pupa sókè. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀nà Ekiadolor ni wọ́n kọ́lé sí. Wọ́n kọ́ wọn ní Látìn nígbà èwe wọn, láti ìgbà náà sì ni ọ̀rọ̀ Látìn yòówù tó bá wọ inú Gẹ̀ẹ́sì ti di ti Bàbá. Mo kọ "stadiums", Bàbá ní "stadia" ni. Mo kọ "forums", wọ́n ní "fora" ni. Mo kọ "agendas", Bàbá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n ní "agenda" fúnra rẹ̀ ti ju ẹyọ kan lọ, pé "agendum" ni ẹyọ kan ń jẹ́. Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀? Gbogbo ọdún tí mo ti lò ní báńkì, n kò gbọ́ agendum rí. Àwọn ará Róòmù ti kú tipẹ́tipẹ́, inú kíláàsì wa la wá ń pín ogún wọn sí. Inú máa ń bí mi débi pé n kì í lè jẹun tí mo bá délé.

Ní ìpàdé oṣù kan, Ìyá Oníke dìde. Opó ni wọ́n, wọ́n ń ta abọ́ àti ike ní ọjà Ekiosa. Wọ́n ní ọmọbìnrin àwọn ti rí ọkọ, ọmọ Edo ni, ẹbí ọkọ sì ń bọ̀ wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ ní Sátidé kẹta oṣù tó ń bọ̀. Bàbá ọmọ ti kú. Àwọn àbúrò rẹ̀ tó kù ní Ìkìrun ti darúgbó, wọn ò lè wọkọ̀ débí. Ìyá wá bẹ ẹgbẹ́ pé kó fún àwọn ní bàbá méjì tí yóò jókòó ní ipò bàbá ọmọ.

"Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi dà bí ẹni tí kò lẹ́nìkan," ni wọ́n wí.

Alága ní ọ̀rọ̀ ńlá ni, a ò ní í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, kí n kọ ọ́ sínú ètò ìpàdé tó ń bọ̀. Mo kọ ọ́ sí nọ́ńbà keje.

Nígbà tí a tún pàdé, Ìyá gba ìwé ètò lọ́wọ́ mi, wọ́n rọra bi mí pé, "Akọ̀wé mi, ibo ni tèmi wà níbẹ̀?" Wọn ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Mo fi ìka tọ́ka sí i fún wọn. Wọ́n gbé èékánná àtàǹpàkò lé ibẹ̀, wọn ò sì gbé e kúrò.

Mo ka àkọsílẹ̀, bírò pupa gòkè. "Memorandums" ni mo kọ, Bàbá ní "memoranda" ni. Ká ní mo tún un kọ ni, kò ní gbà wá ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n mo ti múra dè wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Mo ti tẹ ojú ewé ìwé atúmọ̀ èdè mẹ́ta jáde ní ọ́fíìsì, mo fa ìlà sábẹ́ ibi tó ti sọ pé méjèèjì ló tọ̀nà. Mo dìde, mo kà á sókè ketekete.

"Ìwé atúmọ̀ òde òní ti ya ọ̀lẹ," ni Bàbá wí.

"Ẹ má bínú sà, ìwé yìí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yín."

Ilé dàrú. Apá kan wà lẹ́yìn Bàbá, apá kan wà lẹ́yìn mi. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta oògùn òyìnbó ní ká dìbò, a sì dìbò lóòótọ́. Mo fi ìbò méjì borí. Inú mi dùn bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

Ká tó dé nọ́ńbà kẹrin, mẹ́gáàdì ilé ẹ̀kọ́ ti ń mi kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Oga, una time don reach," ló wí. Ìyá Oníke dìde, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ Sátidé yẹn ńkọ́?" Alága ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, akọ̀wé á fi fóònù pe àwọn àgbà láàárín ọ̀sẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní Mọ́ńdè, èrò pọ̀ ní báńkì. Ní Túsìdeè, mo ń ròyìn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bí mo ṣe borí Bàbá. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbàgbé.

Ní ìpàdé kẹta, kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni jà, a sì dé nọ́ńbà keje. Gbogbo ilé fọwọ́ sí i. Bàbá ló kọ́kọ́ dìde.

"Èmi fúnra mi á lọ," ni wọ́n wí. "Aṣọ òfì mi ń bẹ nínú àpótí, n kò rí ibi wọ̀ ọ́ lọ."

Ìyá Oníke kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin bàbá mi. A ti ṣe é. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì."

Alága bi wọ́n pé ta ló wá jókòó.

"Lanlọ́ọ̀dù mi ni. Ọmọ Edo ni, ó bá wọn sọ èdè wọn." Ìyá dìde nàró. "Ọmọ mi ṣáà ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo ti sọ fún un pé ẹ̀ ń bọ̀."

Wọn ò bú mi. Wọn ò tiẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu tèmi ni kò dákẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ló gba ìgbátí rẹ̀. Ojú tì mí gan-an.

Yorùbá ni mo fi kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé yẹn, n kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ sí nọ́ńbà keje pé a fọwọ́ sí ohun tó ti kọjá, pé ẹnikẹ́ni nínú wa ò lọ, pé akọ̀wé ò pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a pàdé, Bàbá ṣí bírò pupa, wọ́n ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dé bírò padà.

Mo tẹ ẹ̀dà kan fún Ìyá Oníke, torí wọ́n máa ń ka Bíbélì Yorùbá. Wọn ò wá lọ́jọ́ yẹn. Wọn ò tíì wá títí di òní, ìwé náà ṣì wà nínú báàgì mi.