Àyè Àtàǹpàkò Nínú Ìwé Màámi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nígbà tí èmi àti ìyá mi fẹ́ fi owó ara wa tẹ ìwé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti pẹ́ o. Àárín àwọn ọdún 1980 ni, nígbà tí bébà gbówó lórí débi pé ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ làwọn ọmọ tí mo ń kọ́ níléèwé ń kọ iṣẹ́ ilé sí.

Ìwé oúnjẹ ni. Màámi ló ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni wọ́n, wọ́n kàwé níléèwé míṣọ́n, wọ́n sì mọ oúnjẹ sè ju gbogbo ẹni tí mo mọ̀ lọ. Ẹ má bá mi jiyàn, ìyá tiyín náà gbìyànjú.

Kí ló wá ń lé wa léré? Ojú Màámi ló ń lọ. Dókítà ti sọ fún wa pé èyí tó ti lọ kò ní padà, àti pé ìyókù náà á máa lọ díẹ̀díẹ̀. Màámi ò sunkún. Wọ́n kàn ní àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn ka ìwé náà, kó tó di pé ẹlòmíràn ni yóò máa kà á sí àwọn létí. Ohun tí à ń sáré bá nìyẹn.

Màámi ń sọ, èmi ń kọ, Sìdí ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ Alhaji tí ilé wọn kángun sí tiwa ni Sìdí, taipíìsì sì ni ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Òdógbolú. Bó bá ṣe tẹ̀ ẹ́ sórí bébà gẹ́lẹ́ ni ilé ìtẹ̀wé máa yà á ní fọ́tò, tí wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Irin kékeré méjì wà lára tapuráítà tí èèyàn lè tì síwá sẹ́yìn. Ọ̀kan ló ń pinnu ibi tí ìlà ti máa bẹ̀rẹ̀, èkejì ibi tó máa parí sí. Àwọn ni wọ́n fi ń ṣètò májìnì, ìyẹn àyè funfun tí à ń fi sílẹ̀ létí ìwé. Sìdí fi àyè tó dára sílẹ̀. Màámi bá sún mọ́ ọn, wọ́n fọwọ́ kan ibi funfun náà, wọ́n béèrè pé kí lèyí.

Sìdí ṣàlàyé fún wọn pé ó yẹ kí àyè wà, pàápàá níbi tí wọ́n máa ti di ìwé náà pọ̀. Màámi ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ṣé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún wa ní bébà ni? Ibi tó lè gba odidi ọ̀rọ̀ méjì, ká fi sílẹ̀ lófìfo?

Ẹ sáà mọ àwa ará Ìjẹ̀bú. Ayé ní ìnáwó nìkan la mọ̀, wọn ò mọ̀ pé ibi tí a ti ń ṣọ́ ọ ná la ti ń rí èyí tí à ń ná! Sìdí tún bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan, Màámi ní kó ti irin náà dé ìpẹ̀kun. Ta ló fẹ́ bá Màámi fà á? Sìdí tì í dé ìpẹ̀kun, èmi tíṣà sì na bébà míì sí i.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, ọ̀gá ìtẹ̀wé ní òun kì í tẹ iṣẹ́ tán láìkọ́kọ́ di ẹyọ kan kí oníṣẹ́ rí i. Wọ́n fi wáyà gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ èèpo rẹ̀ mọ́ ọn. Ayọ̀ ni mo fi gbé e délé.

Màámi jókòó sétí fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Wọ́n ṣí i síbi ìkọ́kọrẹ́, oúnjẹ ewùrà àwa Ìjẹ̀bú. Wọ́n fà á mọ́ra, wọ́n tún tì í jìnnà. Wọ́n fi ìka tẹ ìwé náà kó lè là dáadáa, gọ́ọ̀mù là, èèpo ìwé bá bọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀.

Wọ́n wá bi mí léèrè, ohùn wọn rọlẹ̀ gan-an, pé ṣé ojú àwọn ti lọ tán nìyẹn.

Mo gba ìwé náà, mo wò ó. Èmi tí ojú mi mọ́lẹ̀ kedere náà ò rí i kà. Ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ti wọnú ibi tí wọ́n dì pọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àtàǹpàkò téèyàn fi di ìwé mú ló bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Téèyàn bá sì gbé e kúrò, ìwé á pa dé. Mo ní, "Màámi, kì í ṣe ojú yín. Ìwé ni."

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn tí àwọn ń kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n má kún ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ dé ẹnu, torí ó gbọ́dọ̀ ríbi hó sí, àwọn náà làwọn kún ìwé dé ẹnu yìí.

Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ la máa tún tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ta ló máa sọ fún Sìdí? Màámi ní kí n fa àwọn lọ́wọ́ lọ sílé Alhaji, àwọn fẹ́ lọ bẹ ọmọ ọlọ́mọ. Sìdí ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ó ti kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin Màmá, ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ n lọ gbé tapuráítà."

Ó gbé àtàǹpàkò Màámi lé etí bébà, ó fi pẹ́ńsù fàlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá. Ibi tí wáyà máa gún, ó fẹ̀ ẹ́ ju ìyẹn lọ. Ojú ìwé ọ̀tún, apá òsì ló ń fẹ̀. Ojú ìwé òsì, apá ọ̀tún. Nítorí náà, ní gbogbo ojú ìwé ló ń sún irin méjèèjì. Ó ń ti Òdógbolú dé, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì ń jókòó tì í. Kò fìgbà kankan sọ pé ṣebí òun wí. Ìkọ́kọrẹ́ nìkan ló gbà lọ́wọ́ wa.

Ìwé náà nípọn sí i, iye tí a lè tẹ̀ sì dín kù. Màámi ní kò burú.

Nígbà tí ìwé tuntun náà dé, etí fèrèsé yẹn náà ni wọ́n tún jókòó sí. Wọ́n ka ìkọ́kọrẹ́ sókè látòkè délẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó kà á tán, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló kà á, Sìdí sì ń nu ojú. Ni wọ́n bá dìde, wọ́n gbé ìwé wọ kíṣìnì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wò ó bóyá òótọ́ ló sọ.

Ojú náà padà lọ tán. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Màámi náà lọ. Ọwọ́ mi ni ìwé wọn wà. Lójú ìwé ìkọ́kọrẹ́, nínú àyè funfun yẹn, àmì àtàǹpàkò wọn wà níbẹ̀, pupa fún epo. Kò bo ọ̀rọ̀ kankan.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ibi tí a fi sílẹ̀ lófìfo kì í ṣòfò, ẹni tó bá sì tún iṣẹ́ wa ṣe láì bú wa, kò yẹ ká gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti ṣe irú rẹ̀ fún yín rí? Ẹ kọ ọ́ síbí, ká jọ bá yín dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Sìdí ti di Alhaja báyìí, mo sì mọ̀ pé ó máa rí èyí kà. Sìdí, o ṣeun. Mo ti rin ewùrà sílẹ̀, máa bọ̀ wá jẹun.