Ìwé Àràárọ̀ Tí Ẹ̀rọ Tíṣà Ń Tẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo kórìíra ẹ̀rọ yẹn. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí ní Òkè-Sópẹ̀n, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, igbe rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ gbọ́ láti pálọ̀ Bọ̀ọ̀dá Tíṣà: kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́, bí ẹni ń fi ìṣó họ páànù. Àwọn aládùúgbò a máa bi mí pé, "Ìyá Ràhmát, kí ló ń ké nílé ẹ̀gbọ́n yín?" Èmi náà a ní kí wọ́n lọ bi Tíṣà.

Tíṣà Ọládòṣù ló fẹ́ Àìná, ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ olùkọ́ làwọn méjèèjì ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ ń kọ́ wọn ní ìṣirò ní girama, ìyàwó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé ìjọ Áńgílíkà. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, ẹ má wulẹ̀ bi mí! Bó bá wọ kíláàsì, eṣinṣin ò gbọdọ̀ fò. Àwọn ọmọ tó kọ́, tí wọ́n ti ń gbọ́mọ-ọmọ pọ̀n báyìí, wọ́n ṣì ń yà bàrà sí kọ̀rọ̀ bí wọ́n bá rí i ní títì, bó o bá sì bi wọ́n, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sá fún.

Ìgbàgbé ló dé. Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ ń wá. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá màmá wa ti tọjà dé, màmá tí a ti sin tipẹ́. Mo fi ṣe ẹ̀rín. Nígbà tó yá, ó gbé ìkọ́kọrẹ́ kaná, ó wọṣọ, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Bí kì í bá ṣe pé mo gbóòórùn, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Ògiri ilé ìdáná wọn ṣì dúdú títí dòní.

Pẹ̀lúmi, ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé Ìbàdàn, sáré wá. Ó wo ògiri, ó wo ìyá rẹ̀. Ó ní, "Dádì, bí nǹkan kan bá tún ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni Mọ́mì ń bọ̀. Ẹ má bínú sí mi." Nígbà tọ́mọ lọ tán, Bọ̀ọ̀dá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní, "Olúfúnmi, bí wọ́n bá mú un lọ, kí ni mo fẹ́ máa ṣe nínú ilé yẹn?" Mo ní kó jókòó, kó mu omi.

Ìgbà náà ló lọ gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà. Olùkọ́ yunifásítì kan ní Àgọ́-Ìwòyè ló tà á fún un láyé ọjọ́un, nígbà tí ọkùnrin náà ń padà sí Gánà. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń so ó mọ́, inú kásẹ́ẹ̀tì orin ló sì ń tọ́jú iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an sí. Èdè kan wà tí wọ́n ń pè ní Bésíìkì, òun ni Tíṣà fi ń bá a sọ̀rọ̀: ìlà kẹwàá, ṣe báyìí, ìlà ogún, ṣe tọ̀hún, bí ẹni ń rán ọmọ alágídí níṣẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó bá a wá, ìwé oníhò létí ló ń jẹ. Ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ ti gbẹ, yíǹkì tí wọ́n fi ń lu òǹtẹ̀ ní ọ́fíìsì ni Bọ̀ọ̀dá ń kán sí i.

Iṣẹ́ tó rán an ò le: láràárọ̀, kó tẹ ohun tí Àìná máa ṣe lọ́jọ́ yẹn jáde, pẹ̀lú àpótí kékeré níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí yóò máàkì bó bá ti ṣe é. WE. JEUN. LO OOGUN EJE RIRU. PA GAASI. Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, kò sí àmì kankan lórí wọn.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi bíírò kọ ọ́ sí pépà, kí etí wa sinmi!"

Ó ní, "Àbí o ò mọ ẹ̀gbọ́n rẹ ni? Èyí tí mo bá fọwọ́ kọ, á fi nu tábìlì. Ṣùgbọ́n bó bá rí ìwé títẹ̀, á rò pé ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ló fi ránṣẹ́."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi kì í gba àṣẹ ọkọ, àmọ́ bó bá jẹ́ sákúlà ìjọba, ìdúró ni yóò ti kà á.

Ó sì dà bíi pé ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá dọ̀sán, gbogbo àpótí ti ní máàkì, Bọ̀ọ̀dá á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí Pẹ̀lúmi lórí Wásáàpù, á wá to ìwé náà sínú fáìlì. Ọmọ á fèsì pé, "Dádì, ẹ kú iṣẹ́." Inú ọkùnrin yìí dùn débi pé ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìsìn ní balùwẹ̀, ohùn burúkú yẹn náà. Mo ń yọ ṣùtì sí i, àmọ́ inú èmi náà ń dùn.

Àfi ọjọ́ Ìsinmi kan tí Àǹtí Àìná dákú nínú ṣọ́ọ̀ṣì. A gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà. Dókítà bi wá bóyá ó ń lo oògùn. Bọ̀ọ̀dá ní kí n sáré lọ gbé fáìlì wá. Ó ṣí i síwájú dókítà, ó ń fọwọ́ tọ́ka: "Ẹ wò ó! Ojoojúmọ́ ló ń lò ó!" Dókítà wo ìwé náà dáadáa, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, mo rí ìwé yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí mo wọ̀n yìí ò rí oògùn." Kí á tó délé, àwọn ìyá ìjọ ti pe Pẹ̀lúmi. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé.

Inú bí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo lọ dúró sójú fèrèsé wọn. Bọ̀ọ̀dá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fún adìyẹ lágbàdo. Àǹtí wọlé sí pálọ̀, ó fa ìwé náà já, ó ya etí oníhò rẹ̀ dànù létòlétò. Ó jókòó, ó wọ awò ojú, ó yọ bíírò pupa. Kò wẹ̀. Kò jẹun. Oògùn rẹ̀ wà nínú sọ́sà níwájú rẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó. Ó ka èkíní, ó máàkì. Ó ka èkejì, ó máàkì. Nígbà tó parí, ó kọ "Ó dára, tẹra mọ́ ọn" sí ìsàlẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Ta ló kàn?"

Mo kígbe: "Àsítáfírúlà! Ìwé ọmọ iléèwé ló ń máàkì!"

Bọ̀ọ̀dá sáré wọlé, àgbàdo ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbé fáìlì, ó ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, "Ó dára, tẹra mọ́ ọn" ló wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Mo jágbe mọ́ ọn, mo ní, "Ẹ̀yin náà ṣáà ti ṣe tíṣà rí! Ẹ ò dá máàkì tíṣà mọ̀ ni?"

Ó ní, "Mo rí i, Olúfúnmi. Mo rò pé èmi ló ń kọ ọ́ sí ni. Mo rò pé ó ń kí mi kú iṣẹ́."

Ojú tì mí pé mo jágbe.

Ẹ̀yìn ìyẹn, kò sóhun tí a ò ṣe. Bọ̀ọ̀dá yọ àpótí kúrò lórí ìwé. Àǹtí ń máàkì sétí. Bọ̀ọ̀dá yí gbogbo rẹ̀ padà sí sákúlà ìjọba. Àǹtí mú bíírò pupa, ó fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ò fi sí. Ibẹ̀ la ti rẹ́rìn-ín, kí n má parọ́. Mo lọ oògùn sínú ẹ̀kọ; ó tu ú sí mi láṣọ. Omi tán lẹ́yìn ẹja.

Sátidé pé, Pẹ̀lúmi dé, ó ń kó aṣọ ìyá rẹ̀ sínú báàgì. Bọ̀ọ̀dá ń tẹ̀ lé e láti yàrá sí yàrá. "Pẹ̀lúmi, ó ṣì mọ̀ wá. Ó mọ ilé yìí. Ìbàdàn tí o fẹ́ mú un lọ ló ti máa sọnù. Dúró, màá fi hàn ọ́." Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ sí i. Ẹ̀rọ ké. Mo kà á láti ẹ̀yìn rẹ̀: AINA NI ORUKO MI. OKE-SOPEN NI ILE MI. PELUMI NI OMO MI. OLADOSU NI OKO MI.

Bọ̀ọ̀dá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Àǹtí. Gbogbo wa dúró. Àǹtí ka orúkọ rẹ̀, ó máàkì. Ó ka ilé, ó máàkì. Ó ka Pẹ̀lúmi, ó gbójú sókè wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó máàkì. Pẹ̀lúmi bú sẹ́kún. Ó wá dórí ẹ̀kẹrin, bíírò dúró. Ó ronú. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi, mi ò mọ iye ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀. Ó fa ìlà kan, ó fa èkejì gba orí rẹ̀ kọjá. Kò gbà á.

Omi ń bọ́ lójú Bọ̀ọ̀dá, kò nù ún. Àǹtí rí i. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fà á mọ́ra, ó fi ọwọ́ pa á lórí.

"Má sunkún mọ́, ọmọ dáadáa ni ẹ́. Ọ̀kan péré lo ṣì. Lọ ṣàtúnṣe rẹ̀, kó o gbé e wá lọ́la."

Bọ̀ọ̀dá gba ìwé náà. Ó ní, "Yẹ́sì, mà." Òun fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì jáde, òun ló sì ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún un.