Àtàǹpàkò Etí Àwo

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú ni àwo idẹ kan ti wà lórí tábìlì iṣẹ́ wa, n kò gbé e kúrò. Bí mo bá ní iṣẹ́ mìíràn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń ṣe é.

Ẹ̀yìn ilé wa ní àdúgbò Djidjolé ni àwa méjèèjì ti ń fín idẹ. A máa yọ́ ọ̀dà dúdú pẹ̀lú eérú, a dà á sínú abọ́ irin, a tẹ́ àwo lé e lórí kó tó tutù. Irin kékeré tí ẹnu rẹ̀ kò mú ni a ń fi òòlù lù mọ́ ọn. Ọ̀dà ń gba idẹ mọ́ra lábẹ́ òòlù, kì í jẹ́ kó ya.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀wé. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, mo wo ohun tí Faransé ń pe iṣẹ́ wa nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Gígé ni ìwé náà ń sọ. Mo kà á fún ìyàwó mi.

Ó ní, "Kí la gé rí?"

Òótọ́ ni. Ẹni tó ń fín igbá máa ń rí èérún gbá nílẹ̀. Àwa kì í rí nǹkan kan gbá. Gbogbo idẹ náà ṣì wà níbẹ̀. A kàn sún un ni.

Èmi ni mo ń fín ewé. Òun ló ń fi àmì wẹ́wẹ́ kún àlàfo àárín wọn: kí-kí, á sinmi, kí-kí. Òun náà ló ń fi àtàǹpàkò tó bọ omi tẹ ọ̀dà gbígbóná mọ́ etí àwo. Àlàfo tó kù lára àwo orí tábìlì tó fi sílẹ̀ láìparí tó àtẹ́lẹwọ́ kan.

Aránṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ẹ̀yìn ògiri wa kí mi lọ́jọ́ kan. Fofo ló ń pè mí, bí àwọn Mina ṣe ń pe àgbà ọkùnrin.

"Fofo, iṣẹ́ yá láàárọ̀ yìí o. Mo ń gbọ́ òòlù."

"Ọjà Adawlato ni mo wà láàárọ̀."

Ó wo ògiri. "Ẹ bá mi kí ẹni tó ń lù ú. Òòlù rẹ̀ ń bá máṣíìnì mi lọ dáadáa."

Mo jókòó ti àwo náà títí oòrùn fi yẹ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin wa fẹ́ lọ ilé ọkọ. Nínú ìdílé wa, àwo tí ìyá bá fín ni ọmọ fi ń gbé obì wọlé ọkọ.

"Bàbá, àwo Màmá ńkọ́?"

"Kò tíì parí."

"Ẹ bá mi parí rẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, màá lọ ra ti ọjà."

Mo lu ibi tó ṣófo náà lẹ́ẹ̀kan. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Idẹ tí a bá lù pẹ́ máa ń le. Bí a kò bá fi iná rọ̀ ọ́, yóò là. Kó tó lè wọ iná, ó gbọ́dọ̀ kúrò lórí ọ̀dà, ọ̀dà náà sì gbọ́dọ̀ yọ́. Ojú àtàǹpàkò ìyàwó mi ló wà lára ọ̀dà yí etí rẹ̀ ká, pẹ̀lú ìlà awọ rẹ̀ àti àpá ibi tí ọ̀bẹ ti bù ú. Mo ti fi tèmi sínú ọ̀kan rí. Kò gbà á.

Ọmọ náà rí ibi tí mo ń wò. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé àtàǹpàkò Màmá ló wà níbẹ̀."

Mo dá iná èédú. Ọ̀dà náà rọ̀, ó ń dán, àwọn ojú àtàǹpàkò náà sì ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo yọ àwo, mo fi iná rọ̀ ọ́, mo nù ún. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo àmì tí ìyàwó mi lù yọ sókè bí ara ẹni tí òtútù ń mú.

Mo tún tẹ́ ẹ sórí ọ̀dà. Mo ti àtàǹpàkò mi bọ omi, mo tẹ etí rẹ̀. Kò gún. Mo mú irin ìyàwó mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu àlàfo náà. Ọwọ́ mi lù, kí-kí, ó sinmi, ó tún lù, kí-kí.

Máṣíìnì dákẹ́ lẹ́yìn ògiri.

"Fofo," aránṣọ náà ní, "ẹni òòlù yẹn ti dé."

Mo ń lù lọ. Àlàfo náà kò tíì kún.